Houston: Katy ni àbí Alief?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará Houston, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Texas Medical Center, tí kò tíì ní mọ́tò, níbo ni kó gbé: Katy, ìlú kékeré tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Houston, àbí Alief, àdúgbò kan nínú Houston?

Èsì 1: Láìsí mọ́tò, ẹ má dé Katy rárá, ó jìnnà. Ẹ wá ilé tó ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ METRORail Red Line, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú. Àárín Medical Center gan-an ló gbà kọjá, dọ́là 1.25 sì lowó rẹ̀. Ti Alief, ẹ ó rí ẹ̀lùbọ́ àti iṣu rà nítòsí, àmọ́ bọ́ọ̀sì ni ẹ ó máa wọ̀.

Èsì 2: Ẹ jọ̀ọ́, omíyalé ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ rántí ìjì líle Harvey ti 2017. Ẹ fi àdírẹ́sì ilé náà wo máàpù omíyalé ti FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àjálù. Láti 2022, òfin Texas ní kí onílé kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín bí omi bá ti wọ ibẹ̀ láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Ẹ gba ìwé yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri: bí ọ̀dà ibẹ̀ bá tuntun ju ti òkè lọ, tí inú kọ́bọ́ọ̀dù ń rùn bí aṣọ tútù, ẹ yáa sá. Ìnṣọ́ránsì ayálégbé lásán kì í sanwó omíyalé. Ọ̀tọ̀ lẹ ó ra ti omíyalé, ọjọ́ 30 ló sì sábà máa ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èsì 3: Òótọ́ ni. Àjà kejì ni kí ẹ gbà.