Ìbéèrè: Irú àṣà oyè àti ìgbéyàwó wo ló yẹ ẹ̀yà aṣálẹ̀ inú ìtàn àròsọ mi?

Olùbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìwé kíkọ, mo kí yín o. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan lédè Yorùbá nípa ẹ̀yà darandaran kan tó ń gbé inú aṣálẹ̀, tí wọ́n ń sin ràkúnmí àti ewúrẹ́, tí wọ́n sì ń tẹ̀lé òjò kiri. Gbogbo wọn kò ju bí 3,000 ènìyàn lọ, kànga mẹ́rin péré ni wọ́n sì ní. Mi ò fẹ́ kí olórí wọn dà bí ọba tiwa pẹ̀lú ààfin àti ẹmẹ̀wà, mi ò sì fẹ́ kí ìgbéyàwó wọn jẹ́ ìdána tiwa tí a kàn wọ ní aṣọ àjèjì. Ọmọbìnrin olórí ni ìtàn náà dá lé lórí: yóò fẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn, ìgbéyàwó náà yóò sì mi ipò baba rẹ̀. Kí ni kí n gbé àwọn àṣà wọ̀nyí kà, tí wọn yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́kàn òǹkàwé?

Èsì láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ ìtàn kan tó ti fẹ̀yìn tì

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Kí o tó wá adé tàbí ọ̀pá àṣẹ, kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá kọ̀ sí olórí lẹ́nu. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹni tí inú bá bí sí Aláàfin ní oko àti agbo ilé tí kò ṣeé dì lẹ́rù, ìdí nìyẹn tó fi ṣe pàtàkì kí Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì yòókù lè dá ọba tó bá kọjá àyè rẹ̀ lẹ́kun. Ti darandaran yàtọ̀. Bí olórí bá ń ni wọ́n lára, wọn yóò tú àgọ́ lóru, wọn yóò dì í ru ràkúnmí, ilẹ̀ yóò sì mọ́ bá olórí pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ nìkan. Ìdí rẹ̀ nìyí tí sheikh, ìyẹn olórí láàrin àwọn Bedouin, àwọn Lárúbáwá darandaran inú aṣálẹ̀, fi jẹ́ onílàjà ju aláṣẹ lọ. Inú ìdílé kan náà ni wọ́n ti sábà máa ń yàn án, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ àkọ́bí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wọ àwọn àgbà létí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì là sí àlejò, ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Tún wo àwọn Tuareg, ẹ̀yà darandaran inú aṣálẹ̀ Sàhárà, àwọn tó wà ní Ahaggar, ní gúúsù Àlgéríà. Láyé àtijọ́, Amenokal ni wọ́n ń pe olórí wọn, ìlù ńlá kan tó ń jẹ́ ettebel sì ni àmì àṣẹ rẹ̀. Ìlà ìyá ni oyè náà ń tọ̀ nígbà náà, débi pé ọmọ tí arábìnrin olórí bí ló ní ẹ̀tọ́ sí i ju ọmọ tí olórí fúnra rẹ̀ bí lọ. Bí o bá gba irú òfin yìí, ẹni tí ọmọbìnrin olórí fẹ́ kò ní mi ohunkóhun, nítorí oyè kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ọmọbìnrin tí arábìnrin olórí bí ni ó yẹ kí o fi ṣe ẹni ìtàn rẹ, torí ọmọkùnrin tí yóò bí ni yóò di olórí lọ́la. Ìgbà yẹn ni gbogbo ẹ̀yà yóò dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀.

Èsì láti ọ̀dọ̀ obìnrin òǹkọ̀wé kan

Òdodo ọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbọ́n wa sọ. Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba àgọ́, nítorí mo rò pé ibẹ̀ ni agbára obìnrin wà. Láàrin àwọn Tuareg kan náà, obìnrin ló ni àgọ́. Ìyá rẹ̀ àti àwọn obìnrin ìdílé ni wọ́n ń ṣètò rẹ̀ fún ìgbéyàwó, bí wọ́n bá sì kọ ara wọn sílẹ̀, ọkùnrin ni yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde, tí yóò padà sí àgọ́ ìyá rẹ̀ tàbí ti arábìnrin rẹ̀. Ọkùnrin ni ó tún ń fi láwàní bo ẹnu àti imú, pàápàá níwájú àwọn àna rẹ̀, débi pé abẹ́ aṣọ ni yóò ti gbé ife tíì sẹ́nu. Obìnrin kì í bo ojú tirẹ̀. Ẹ wo bí irú ojú ìwé kan bẹ́ẹ̀ yóò ti lágbára tó: ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọrọ ìyàwó, tó ń mu tíì lábẹ́ láwàní, tí ìyá ọmọ ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó ń gbọ̀n. Ẹ má ṣe dárúkọ Tuareg nínú ìwé yín, ẹ má sì ṣe kó àṣà wọn bí ó ṣe wà. Òfin pé ẹni tó ni ilé ló lè lé ẹnìkejì jáde ni kí ẹ mú.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan

Àwọn kan yóò dábàá Gerewol fún yín, ìyẹn ayẹyẹ àwọn Wodaabe, ìran Fúlàní kan ní orílẹ̀-èdè Niger. Lẹ́yìn òjò, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a kun ojú, wọn a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn a máa jó, wọn a máa yọ eyín, wọn a sì la ojú rangandan kí funfun rẹ̀ lè hàn, àwọn obìnrin ni yóò sì yan ẹni tó lẹ́wà jù. Ó dára láti wò, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ lásán ni yóò jẹ́ nínú ìtàn bí ẹ kò bá mú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn pọ̀ mọ́ ọn. Oríṣi ìgbéyàwó méjì ni wọ́n ní: koobgal, tí àwọn òbí ti ṣètò láti kékeré, àti teegal, tí obìnrin fi ìfẹ́ tẹ̀lé ọkùnrin ìdílé mìíràn, kódà bí ó bá ti wà nílé ọkọ. Ìjà tí teegal ń dá sílẹ̀ láàrin ìdílé ni ìtàn yín ń wá.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn

Ẹ pinnu ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ara wọn. Láàrin ọ̀pọ̀ Bedouin, ọmọkùnrin arákùnrin baba ló ní ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ láti fẹ́ ọmọbìnrin, kí ẹran má bàa jáde kúrò nínú ìdílé. Àwọn Teda orí òkè Tibesti ní Ṣáàdì kì í fẹ́ ìbátan tó súnmọ́ wọn rárá, nítorí náà ni wọ́n fi ní àna káàkiri, ọ̀dá tó bá sì bá wọn níbì kan, wọ́n ní ibòmíràn tí wọ́n lè yà sí. Fún ẹ̀yà tó ní kànga mẹ́rin péré, ti Teda ni èmi yóò yàn: kí ìdílé mẹ́rin ni kànga mẹ́rin, kí ó sì jẹ́ èèwọ̀ láti fẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń fa omi kànga kan náà.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo gba ìlà ìyá, mo gba àgọ́, mo sì gba èèwọ̀ kànga. Ọmọ arábìnrin olórí yóò fẹ́ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń fa omi kànga kan. Ṣé kí n ṣàlàyé òfin náà ní orí kìíní?

Olùkọ́ ìtàn

Rárá o. Ní orí kìíní, jẹ́ kí ọmọ kékeré kan béèrè ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi lè fẹ́ ará àgọ́ tó wà nítòsí, kí ìyá rẹ̀ sì pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀dá ni kí o jẹ́ kí ó tú òfin náà síta, nígbà tí kànga méjì bá gbẹ, tí ìdílé méjì sì di ẹni tó ń fa omi kan náà. Kí àwọn àgbà wá jókòó, kí wọ́n jiyàn bóyá èèwọ̀ ti dé bá gbogbo tọkọtaya tó wà láàrin wọn.