Báwo lẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní òǹkà Yorùbá kó yé wọn?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Pírámárì 4 ni mò ń kọ́ n'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ń ka ení, èjì dé ogún bí ẹni ń kọrin, àmọ́ kí ló dé tí 45 fi jẹ́ márùndínláàádọ́ta? Kò yé wọn rárá. Lánàá mo to ìdérí ìgò mínírà 50 sórí tábìlì, mo ní kí ọmọ kan mú 5 kúrò, kó ka ìyókù. Ó pariwo pé, "Áà, wọ́n yọ ọ́ ni!" Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ 38 ni wọ́n, ìdérí ò kárí. Ta ló ní eré tàbí fídíò tí mo lè gbà sórí fóònù? Dátà wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kó má tóbi jù.