Kíláàsì síkì wo ni kí n mú ní Calgary? Mo mọ skéètì gùn, ṣùgbọ́n mi ò tíì fojú kan yìnyín rí

Tíṣà_Pòrògun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Alárè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ kú àjò. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé.

Ẹni ọdún 52 ni mí. Eré ìdárayá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń kó àwọn ọmọ bíi mẹ́rìnlá lọ sí pápá ìṣeré Dípò Dìnà, mo ń kọ́ wọn ní skéètì. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gun bàtà onítáyà yẹn, mo sì lè fi ẹ̀yìn sáré lórí rẹ̀ yí pápá po.

Àkọ́bí mi obìnrin wà ní Calgary, ní Kánádà. Oṣù Kejì ni mò ń lọ kí i, ó sì fẹ́ san owó ẹ̀kọ́ síkì fún mi, eré tí wọ́n ń de pátákó gígùn méjì mọ́ bàtà fi yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín: ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí méjì lójúmọ́. Ó fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n pín kíláàsì sí mẹ́rin, àwọ̀ ni wọ́n sì fi ń sọ bí òkè ṣe le tó. Èkíní wà fún ẹni tí kò ṣe é rí, èkejì fún ẹni tó lè yí, tó sì lè dúró lórí òkè aláwọ̀ ewé. Ẹni tó ń lọ geere lórí òkè búlúù ló ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin ni ti òkè dúdú.

Ọkọ ọmọ mi ní kí n mú èkejì, pé bí wọ́n bá da èmi tí mo mọ skéètì tó báyìí pọ̀ mọ́ àwọn tí kò mọ nǹkan kan, owó náà ṣòfò. Ọmọ mi ní èkíní ni. Ọkàn tèmi ń fà sí èkejì, torí ọjọ́ mẹ́ta kò pẹ́, mi ò sì fẹ́ fi odindi ọjọ́ kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà. Ṣé skéètì ń ran èèyàn lọ́wọ́ lóòótọ́? Kí ni kí n kọ sórí fọ́ọ̀mù yìí?

Oníbàtà_Ìjẹ̀búIgbó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú èkíní. Nígbà kan tí mo lọ ra ọjà ní Dubai, mo wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe síkì nínú Mall of the Emirates. Inú ilé ni o, èyí tó gùn jù níbẹ̀ kò ju 400 mítà lọ, síbẹ̀ olùkọ́ ò jẹ́ kí n gòkè àfi ìgbà tí mo lè fúnra mi dúró nísàlẹ̀. Ó gbà mí ju wákàtí kan lọ. Bàtà yẹn le bí igi, ọrùn ẹsẹ̀ ò ṣeé yí nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìpẹru

Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ Ìpẹru ni mí, Calgary yìí ni mò ń gbé láti 2014. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ohun tí ọkọ ọmọ yín sọ yẹn ni ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi ní 2017.

Mo ti lọ sórí yìnyín lẹ́ẹ̀mejì nígbà náà. Níbi tí kò bá dà gẹ̀rẹ́ púpọ̀, mo lè yọ̀ lọ sísàlẹ̀, tó bá sì kù díẹ̀ kí n kọlu nǹkan, mo máa ń jókòó sílẹ̀. Ìjókòó yẹn ni mo kà sí dídúró. Mo kọ ìpele kejì sí fọ́ọ̀mù. Olùkọ́ kó àwa mẹ́fà jọ, ó ní ká gun àga tó ń gbéni ròkè. Kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe é kóun rí i ná, ó sì dùn mí di òní. Nígbà tá a dókè, àwọn márùn-ún tó kù tẹ̀ lé e, wọ́n ń yí sọ́tùn-ún, wọ́n ń yí sósì, bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn ìyá wọn. Èmi wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dúró létí kòtò Eredo rí, tẹ́ ẹ bojú wo inú rẹ̀, bó ṣe rí lójú mi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè náà ò dà tó bẹ́ẹ̀. Eré ń pọ̀, mo jókòó, síkì òsì ò já kúrò lẹ́sẹ̀ mi, orúnkún mi sì lọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò fi lè ṣiṣẹ́.

Ìdí tí síkì yẹn ò fi já ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń yáni ní síkì, wọ́n á bi yín ní ọjọ́ orí, gíga àti ìwúwo, wọ́n á wọn bàtà yín, wọ́n á wá ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: ẹni tó ń rọra lọ, ẹni tó wà láàárín, ẹni tó ń sá eré. Èsì yín wà lára ohun tí wọ́n máa fi de irin tó so bàtà mọ́ síkì. Ti ẹni tó ń rọra lọ máa ń tètè já bó bá ṣubú. Ti ẹni tó ń sá eré máa ń dì mọ́ ọn. Mo ti mú àárín, kó lè bá fọ́ọ̀mù kíláàsì mi mu. Kì í ṣe pé irin tó tètè ń já ń gba orúnkún là nígbà gbogbo. Mo ti rí èyí tó pọ̀ níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ ara mi ní kí wọ́n dè é le.

Ní ti skéètì, ó wúlò sà. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń gbé ara lé ẹsẹ̀ kan ká tó bọ́ sórí èkejì, ilẹ̀ tó ń yọ̀ ò sì ní já yín láyà. Dídúró ló yàtọ̀. Síkì ò ní rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ ní gìgísẹ̀. Ẹ ó sún iwájú méjèèjì mọ́ra, ẹ ó ti ẹ̀yìn wọn síta bí òrùlé ilé, kẹ́ ẹ wá fi etí inú wọn ha yìnyín. Bí ẹ̀rù bá sì bani, ara máa ń fẹ́ fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá fà sẹ́yìn lórí síkì, síkì á sá lọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ṣe lẹ ó fi ojúgun ti iwájú bàtà, kẹ́ ẹ tẹ̀ síhà ìsàlẹ̀ tó ń bà yín lẹ́rù gan-an. Ara tó ti mọ nǹkan mìíràn fún ogún ọdún nílò àkókò kó tó gbà.

Ẹ kọ èkíní, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ mọ skéètì. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ lè gbé yín sí èkejì lọ́jọ́ kejì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni láti èkíní bọ́ sí èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ padà láti èkejì sí èkíní, orí òkè ló ti máa mọ̀. Ẹ ṣe ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ níbi òkè kékeré tó wà nínú ìlú, èyí tí wọ́n lò fún Òlíḿpíìkì 1988, kẹ́ ẹ tó ronú àwọn òkè ńlá Banff.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́_Innsbruck

Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ tán. Ti àwọ̀ ló kù. Níbí ní Ọ́sítríà, búlúù ló rọrùn jù, pupa tẹ̀ lé e, kó tó kan dúdú. Ní Kánádà, aláwọ̀ ewé ló rọrùn jù, búlúù ti wà láàárín. Bẹ́ ẹ bá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé búlúù dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ wo ìlú tí ẹni tó kọ ọ́ wà ná.

Ìyá_Ẹlẹ́ṣin

Tíṣà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé síkì kì í ṣe tiwa. Samuel Ikpefan ṣe é fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Beijing ní 2022.

Ilé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n bí mi sí. Ẹṣin tẹ́ ẹ ń rí tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró lọ́jọ́ Òjúde Ọba, ẹni tó wà lórí rẹ̀ ti gun èyí tí wọ́n ń fokùn fà yí àgbàlá ká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá wa ò jẹ́ ká sá eré lórí ẹṣin kankan tá ò bá tíì lè dá a dúró.

Tíṣà_Pòrògun

Ẹ ṣé gan-an. Mo ka ti Nọ́ọ̀sì sétí ìyàwó mi lálẹ́ àná. Láàárọ̀ yìí mo wọ skéètì, mo wá ibi tó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, mo ń ṣọ́ ara mi. Gbogbo ìgbà tí eré bá pọ̀, mo ń fà sẹ́yìn bẹ́ ẹ ṣe wí, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára rí.

Mo ti kọ èkíní. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé níbi tí wọ́n ti ń yáni ní síkì, ẹni tó ń rọra lọ ni mí. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìbọ̀sẹ̀ méjì ni kí n wọ̀ sínú bàtà yẹn nítorí òtútù?

Nọ́ọ̀sì_Ìpẹru

Ọ̀kan péré sà, èyí tó gùn dé abẹ́ orúnkún. Méjì máa ń ká jọ nínú bàtà, ẹsẹ̀ á fún, á sì tutù sí i.