Ṣé àgùntàn onírù ọ̀rá lè gbé Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń sin àgùntàn Yankasa. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí koríko gbẹ, wọ́n máa ń rù gan-an. Èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan kì í tó wọn.

Mo wá gbọ́ nípa àgùntàn Awassi ti ilẹ̀ Síríà àti Damara ti Nàmíbíà, tí wọ́n ń kó ọ̀rá pamọ́ sínú ìrù bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sí àká. Nígbà ìyàn, ọ̀rá yẹn ni ara wọn ń lò. Ó wù mí púpọ̀! Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni tiwọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lè fara da òjò tiwa? Wọ́n ní ìrù ńlá náà máa ń mú kó ṣòro fún àgbò onírù tẹ́ẹ́rẹ́ láti gun abo àgùntàn onírù ọ̀rá. Kí ni ọ̀nà àbáyọ?