Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Ìkòròdú ni àbí Àgbàdo? Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́

Ìyá Jọláadé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti máa ń wà lójú títì kí àkùkọ tó kọ, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá.

Sùúrùlérè la ti ń gbé láti ọdún mẹ́fà. Lánlọ́ọ̀dù wa ti fowó lé owó ilé, apá wa ò ká a mọ́. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ la gbọ́dọ̀ kó jáde. Marina ní Lagos Island ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́jọ la ń wọlé, ẹni tó bá pẹ́ á rí i nínú owó oṣù rẹ̀. Ìkẹjà lọkọ mi ń lọ ní tiẹ̀. Ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta, ibi tá a bá kó lọ la máa ti wá ẹni tó máa bá wa tọ́jú ẹ̀ tó bá di ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ irú ibẹ̀ ni kì í gbà ju aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ.

Ilé méjì la rí tówó wa tó. Ọ̀kan wà ní Ìkòròdú, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́, yàrá méjì pẹ̀lú ọgbà tó fẹ̀ dáadáa. Èkejì wà ní Àgbàdo, àjẹ́ǹtì sì ń tẹnu mọ́ ọn pé kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbérò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ká pa méjèèjì tì, ká máa bọ̀ ní Mówè lọ́dọ̀ òun.

Mo fi fóònù wo ọ̀nà Ìkòròdú sí Marina, ó ní wákàtí kan àti díẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń gba ọ̀nà náà lójoojúmọ́ ni kó dá mi lóhùn. Ọ̀nà wo ni mo lè gbà tí mi ò ní máa lo gbogbo ayé mi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ?

Bàbá Ìbejì (Agric):

Ìyá Jọláadé, ẹ káàbọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń ti Ìkòròdú lọ sí Èkó láràárọ̀.

BRT, bọ́ọ̀sì ńlá yẹn, ló gbé wa dúró. Mile 12 sí CMS, ní Marina níbẹ̀, ló kọ́kọ́ ń ná ní 2008, ọdún 2015 ni wọ́n tó fà á dé Ìkòròdú. Ohun tó fi dára ni pé ó ní ojú ọ̀nà tiẹ̀. Ẹ máa wà níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ máa rí àwọn mọ́tò aládàáni tí wọ́n tò lọ rẹrẹ ní Ọwọ́dé Onírin, tí ọkọ̀ yín ń kọjá lára wọn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló dá wà fún un o. Ibì kan wà tí òun àtàwọn danfo jọ máa ń fà á.

Ilé yẹn gan-an ni mi ò fara mọ́. Ìkòròdú tóbi. Ẹni tó ń gbé ní Agric tàbí Ògólóńtò, tó bá ti jáde, ó ti dé etí títì nìyẹn. Ẹni tó ń gbé lọ́nà Ìjẹ̀dẹ́ ṣì máa wọ kẹ̀kẹ́ tàbí kọ̀rọ̀pẹ̀ dé gáréèjì kó tó tò sórí ìlà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, fóònù ò sì lè sọ ìyẹn fún yín. Bẹ́ ẹ bá máa wá Ìkòròdú, ẹ wá ilé tó sún mọ́ títì, kódà kó jẹ́ yàrá kan.

Ọ̀kan rèé tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: ẹni tó bá wọkọ̀ láti gáréèjì ló ń rí ìjókòó. Lọ́dọ̀ tiwa ní Agric, ọkọ̀ ti sábà máa ń kún kó tó dé.

Ọmọ Ẹbúté:

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ ò sọ̀rọ̀ omi? Èbúté Ìpakodò ni mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Kò sí gòsiló lórí ọ̀sà. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, àwa kan máa ń sùn, àwa kan máa ń gbàdúrà, ká tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, Afárá Kẹta (Third Mainland Bridge) ti yọ.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún ìyá ọlọ́mọ. Bí òjò bá ṣú tàbí tí afẹ́fẹ́ bá le, ọkọ̀ ò ní gbéra, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje, a dúró létí omi pẹ̀lú life jacket lọ́rùn wa fún wákàtí kan ó lé. Nígbà tó yá, gbogbo wa bọ́ ọ sílẹ̀, a sáré padà sí títì lọ wá mọ́tò. Aago mẹ́wàá kọjá kí n tó dé ibi iṣẹ́. Wọn kì í sì í fi òru rin omi, nítorí náà ẹni tọ́gàá ẹ̀ lè dá dúró di aago méje ò gbọ́dọ̀ fọkàn sí i.

Ẹ mú un ní ọ̀nà kejì, ẹ má mú un ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ so okùn life jacket yín fúnra yín, kẹ́ ẹ sì fà á wò. Èmi máa ń fà á lójoojúmọ́.

Àǹtí Mówè:

Àbúrò mi, ilé tiwa la kọ́ sí Mówè, mo nífẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, omi kànga wa mọ́. Síbẹ̀, torí iṣẹ́ Marina, mi ò ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ wá.

Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kan náà ni gbogbo wa gbójú lé. Ará Mówè, Ìbàfò, Mágbòrò, Arépo, gbogbo wa la jọ máa gba orí afárá gígùn yẹn kọjá Kárà dé Berger. Bí tírélà kan bá dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀, kò sí ẹ̀yìn, kò sí iwájú. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù wá tún jẹ́ ọjọ́ ìsìn òru ní Redemption City, ọ̀nà ìrọ̀lẹ́ máa ń kún ju tàtẹ̀yìnwá lọ.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo kúrò níbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún, tí mo dé ilé ní aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ mi ti sùn lórí àga pẹ̀lú aṣọ iléèwé lọ́rùn, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ dúró dè mí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ sí Ìkẹjà.

Ìyá Àgbàdo:

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sanwó kankan: ilé yẹn, ṣé ÀGBÀDO ni àbí ALÁGBÀDO? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì o! Alágbàdo wà lójú títì Abẹ́òkúta, lápá Kollington. Àgbàdo níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbérò wà nínú lọ́hùn-ún. Àwọn àjẹ́ǹtì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sọ.

Oṣù Kẹwàá 2024 ni Red Line, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbérò. Tó bá ti kúrò ní Àgbàdo, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin, Yábàá, ó di Òyìngbò. Òyìngbò ló parí sí, kò dé Marina. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa wọ danfo gba Ìddó àti Afárá Carter wọ Èkó. Ọkọ yín ló máa jẹ̀gbádùn ẹ̀ jù, Ìkẹjà ló máa bọ́ọ́lẹ̀.

Ẹ fi í sọ́kàn pé ọkọ̀ ojú irin ò dà bí danfo tí òmíràn máa ń wà lẹ́yìn. Bó bá ti lọ, ó ti lọ. Ẹ lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè àkókò ọkọ̀ àárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fúnra yín. Káàdì Cowry tí wọ́n ń fi wọ BRT náà lẹ máa lò.

Ìyá Jọláadé:

Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Àgbàdo, àyà mi já. Mi ò mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀.

Dírẹ́fà Àgbà:

Ọmọ mi, mo fi ọdún méjìlélógún wa danfo Kẹ́tù sí CMS kí ojú mi tó sọ pé ó tó. Ẹ gbọ́ tèmi.

Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé “ó jìnnà tó báwo?” Ẹ lọ rìn ín. Ọjọ́ Ajé ni kẹ́ ẹ rìn ín, torí kò sí ọjọ́ tí ọ̀nà fi ń sọ òótọ́ bí ọjọ́ Ajé. Ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ní àdúgbò yẹn. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà ilé ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò, ẹ má ṣíwọ́ kíkà títí tẹ́ ẹ máa fi jókòó lórí àga yín níbi iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ wà nínú ẹ̀, ìdúró lórí ìlà wà nínú ẹ̀, ìrìn láti CMS dé ọ́fíìsì náà wà nínú ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ náà, ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi àárọ̀ yan ilé, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń lé wọn kúrò. Láàárọ̀, ẹni tó bá jí kùtù lè sá fún gòsiló. Nírọ̀lẹ́, ibi iṣẹ́ kan náà ló ń tú gbogbo èèyàn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa jí ṣáájú wọn.

Ẹ rí i pé ọ̀nà kejì wà. Nígbà tí wọ́n ń tún Afárá Kẹta ṣe láti ìparí 2023 wọ 2024, mo rí àwọn tí kò mọ ọ̀nà míì ju orí ẹ̀ lọ. Ìyà jẹ wọ́n.

Ní ti ọmọ, ẹ má fi síbi tó máa jẹ́ pé ìwọ ìyá nìkan ló lè lọ gbé e. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló máa kọ́kọ́ délé? Ọ̀nà ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ fi yan ilé.

Ṣọlá B.:

Ẹ gáfárà. Obìnrin tó ń jáde ní aago márùn-ún, ẹ má wọ ọkọ̀ tó kàn dúró fún yín lójú títì nínú òkùnkùn, kódà kí kọ̀ndọ́ máa pariwo “Wọlé, ó ku ẹnì kan.” Inú gáréèjì ni kẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́. One chance, àwọn olè tó ń fi ọkọ̀ èrò jalè, ò tíì tán nílẹ̀ yìí. Wọ́n gba fóònù àti owó oṣù lọ́wọ́ mi, wọ́n jù mí sílẹ̀. Mo dúpẹ́ pé mo wà láyé.

Ìyá Jọláadé:

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. A rìn ín.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi lọ́nà Ìjẹ̀dẹ́. Mo jáde ní aago 5:00. Kẹ̀kẹ́ méjì ni mo wọ̀, ogójì ìṣẹ́jú lọ kí n tó fojú kan gáréèjì Ìkòròdú. Mo jókòó sí àga mi níbi iṣẹ́ ní aago 7:48. Mo padà délé ní 8:55 alẹ́.

Ọjọ́ Ajé yìí la lọ sí Àgbàdo. Ìyá Àgbàdo, Ọlọ́run á bù kún yín. Ilé àjẹ́ǹtì yẹn, lápá Alágbàdo ló wà! “Ìṣẹ́jú márùn-ún” rẹ̀ jẹ́ ọ̀kadà kan àti kẹ̀kẹ́ kan. A wá ilé míì fúnra wa nítòsí ọkọ̀ ojú irin, yàrá kan àti pálọ̀ kékeré, kò sí ọgbà níbẹ̀. Láti ibẹ̀, mo jáde ní 5:35, mo wà ní ọ́fíìsì ní 7:22. Ìrọ̀lẹ́ kò rọrùn fún mi, danfo dá wa dúró ní Ìddó, 7:50 ni mo délé. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti dé ṣáájú mi dáadáa.

Òun ló máa máa gbé ọmọ. A ti sanwó ilé kékeré yẹn lánàá. Ní ti ọ̀nà kejì, BRT Abúlé Ẹ̀gbá sí Òṣòdì la máa máa lò bí ọkọ̀ ojú irin bá já wa sílẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ ní Àgbàdo tó ń gbà di aago méje, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.

Ìyá Àgbàdo:

Mo mọ ọ̀kan. Ìyá àgbàlagbà ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ mẹ́jọ péré ló ń gbà. Ẹ wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé, màá mú yín lọ bá a.