Ṣọ́ọ̀lù ọmọ tí mo hun ń ká létí. Ṣé kí n fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́?

Abẹ́rẹ́Méjì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń hun nǹkan. Ṣọ́ọ̀lù ọmọ tuntun ni mo hun fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ojú 120 ni mo dá sórí píìnì ìhunṣọ 4 mm, mo ń níìtì (ojú híhun tó ń dán) lójú aṣọ, mo ń pọ́ọ̀lù (òdìkejì ẹ̀, tó ń yọ bí kókó) lẹ́yìn, títí mo fi parí ẹ̀. Iwájú ẹ̀ dán dáadáa, àmọ́ kò fẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń ká sẹ́yìn, òkè àti ìsàlẹ̀ ń ká síwájú. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí n tó yíjú ó ti ká bí ẹní. Wúùlù àkírílíìkì ni, kì í ṣe irun àgùntàn. Àbúrò mi ní kí n gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Ẹlòmíì ní ojú àkọ́kọ́ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan ni mi ò bá ti máa gbé kọjá láì hun ún. Èwo ni kí n ṣe? Ìsọmọlórúkọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìyá Oníkádígan:
Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ ná.

Ọwọ́ yín ò ní àléébù kankan. Ohun tẹ́ ẹ hun yẹn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kódà lọ́wọ́ ẹni tó ti ń hun kí wọ́n tó bí yín. Gbogbo níìtì wà lójú kan, gbogbo pọ́ọ̀lù wà lójú kejì. Okùn tẹ́ ẹ tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ yẹn fẹ́ na ara ẹ̀ padà, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì ń fà sí, kò sí èyí tó ń fà á padà. Àárín aṣọ ò lè lọ síbì kankan torí ojú wà lọ́tùn-ún lósì ẹ̀. Etí ló rí àyè, òun ló ń ká.

Níbi tí níìtì àti pọ́ọ̀lù bá ti wà pọ̀ lójú kan náà, wọ́n á máa di ara wọn mú. Ẹ wo ọrùn ọwọ́ kádígan ilé-ìwé: níìtì kan, pọ́ọ̀lù kan. Ẹ̀ṣọ́ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ṣe. Tẹ́ ẹ bá sì ń níìtì ní gbogbo ìlà láì pọ́ọ̀lù rárá, aṣọ á tẹ́, torí ìlà kan á yọ síwájú, èyí tó tẹ̀lé e á yọ sẹ́yìn. Ìyẹn ni mo máa ń fi sí etí ṣọ́ọ̀lù. Oníbàárà míì á ní òun ò fẹ́ ilà-ilà létí, àfi kó dán délẹ̀délẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé kó lọ ra èyí tí wọ́n gé lọ́jà.

Ti ojú àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa gbé kọjá, ó máa ń jẹ́ kí etí mọ́ lóòótọ́. Kò kan kíká.

Ó wá ku áyọ́ọ̀nù. Ẹbí ọ̀rá ni àkírílíìkì. Tí irin gbígbóná bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ó ti yọ́ nìyẹn, á máa dán, á rọ jọwọlọ, kò sì ní padà sípò mọ́. Tí áyọ́ọ̀nù yín bá ń tú ooru omi jáde (tí iná bá sì wà!), ẹ lè na aṣọ sórí táwẹ́ẹ̀lì nínípọn, kẹ́ ẹ fi píìnì kéékèèké di etí ẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sókè díẹ̀, kí ooru nìkan kàn án. Ẹ jẹ́ kó tutù pátá kẹ́ ẹ tó yọ píìnì. Ó máa ń dín kíká kù. Èmi ò ní gbé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ bẹ́ẹ̀ ṣá. Màá he ojú sí etí ẹ̀ (ìyẹn ni pé màá fi píìnì fa okùn jáde létí aṣọ láti di ojú tuntun), màá hun ìgbátí sí i.

Oníkìróṣé:
Ìyá wa, ìgbátí kìróṣé ti yá ju ìyẹn lọ o. Ẹ yí i ká ní ìlà mẹ́ta, ó parí. Kẹ́ ẹ ṣáà má fa okùn le, torí etí á sún jọ. Ìlà kan ṣoṣo ò ní lágbára tó.

Ará Manchester:
Irun àgùntàn ni èmi ń lò níbí. Tí mo bá rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, tí mo fi táwẹ́ẹ̀lì fún omi ara ẹ̀, tí mo wá fi píìnì nà án títí tó fi gbẹ, ó máa ń tẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá tún fọ̀ ọ́, ìṣe ẹ̀ ò yí padà. Fìlà nìkan ni mo máa ń jẹ́ kó ká létí, torí ó máa ń rẹwà lórí ọmọdé.

Abẹ́rẹ́Méjì:
Ẹ ṣeun gan-an mà. Ìgbátí ni màá hun. Mi ò ní píìnì olókùn, gbọọrọ méjì ni mo ní. Báwo ni kí n ṣe ṣe igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Ìyá Oníkádígan:
Gbọọrọ náà tó. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, níbi tẹ́ ẹ ti dá ojú. Ẹ he ojú 120, ọ̀kan fún ọ̀kan. Ẹ níìtì ìlà 12 láì pọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ pa á dé (kẹ́ ẹ máa gbé ojú kan bo èkejì kúrò lórí píìnì kó má bàa tú). Ẹ má ṣe ìlà méjì péré, aṣọ á kàn ká a mọ́ra lọ ni.

Ẹ wá yí i sí ẹ̀gbẹ́. Níbẹ̀, ìlà ga ju bí ojú ṣe fẹ̀ lọ, ẹ má he ọ̀kan fún ọ̀kan, á máa ṣe wálewàle. Ẹ he mẹ́ta nínú ìlà mẹ́rin, kẹ́ ẹ fo ìkẹrin. Tẹ́ ẹ bá dé orí ìgbátí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ hun, ẹ he ojú mẹ́fà lára ẹ̀, ọ̀kan fún ilà kọ̀ọ̀kan tó yọ síta. Igun yẹn ti dí nìyẹn. Ẹ níìtì ìlà 12 míì, ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ bọ́ sí òkè. Ẹ̀gbẹ́ tó bá gbẹ̀yìn á he mẹ́fà lórí mẹ́fà nísàlẹ̀.

Píìnì tó tóbi ju 4 mm lọ ni kẹ́ ẹ fi pa ojú dé, torí tó bá le jù, etí á fa igun sókè. Báwo lèyí tó kù nínú wúùlù yẹn ṣe pọ̀ tó? Tí ò bá tó yí i ká, ẹ fi funfun ṣe gbogbo ìgbátí. Ẹ má já a sí funfun lágbedeméjì.