Férémù dáúnhíìlì àlòkù ló wà nílẹ̀ yìí: kí ni kí n kọ́kọ́ fowó rà?

Ọmọ Ìlá, Sheffield

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ orí òkè, ọ̀dọ̀ yín ni mo wá.

Mo ra férémù Giant Glory kan, ti ọdún 2012, ní pọ́n-ùn 150. Alumíníọ́mù ni, onítáyà ínǹṣì 26. Férémù lásán ni o: kò ní fọ́ọ̀kì (apá iwájú tó ń di táyà mú), kò ní ẹsẹ̀ (wíìlì), kò ní bíréèkì. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn nìkan ló bá a wá. Wọ́n kọ 222x70 sí i lára (gígùn rẹ̀ àti bó ṣe ń rìn tó, ní mìlímítà), 350 ló wà lára sípíríǹgì rẹ̀ (bó ṣe le tó, ní pọ́n-ùn ìwọ̀n fún ínǹṣì kan), òróró sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ nídìí rẹ̀.

Mo ní kẹ̀kẹ́ ẹ̀ńdúrò kan (ti orí òkè náà ni, ó ṣeé fi gòkè, ó sì ṣeé fi sọ̀) tí mò ń gùn lọ́wọ́, onítáyà 29. Fox 36 ni fọ́ọ̀kì rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ sì jẹ́ Shimano onípísítìnì mẹ́rin. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n tú ohun tó bá ṣeé tú lára rẹ̀, kí n wá fi pọ́n-ùn 800 ra ìyókù. BikePark Wales ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbé e lọ, tó bá sì di ìgbà ooru, Fort William. Kílò 84 ni mí. Tí mo bá wọ àṣíborí àti gbogbo ìhámọ́ra, ó ń lọ sí 90.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní fọ́ọ̀kì ni kí n kọ́kọ́ rà. Èmi rò pé ẹsẹ̀ ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, Halifax

Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Ṣé o ti yẹ férémù yẹn wò dáadáa?

Tú ṣọ́ọ̀kì kúrò, tú apá ẹ̀yìn sọ́tọ̀, fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ gbogbo rẹ̀ kí gíríìsì àti ẹrẹ̀ kúrò lára. Wá gbé e síbi tí iná mọ́lẹ̀, kí o máa wo àwọn ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀: abẹ́ orí férémù níbi tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti so mọ́ ọn, etí ibi tí ṣọ́ọ̀kì ń jókòó sí, àti ìdí ibi tí kíráǹkì (apá tí pẹ́dà so mọ́) ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni alumíníọ́mù máa ń sán. Fi èékánná rẹ gba orí ìlà èyíkéyìí tí o bá rí. Tó bá kọ́ èékánná, má fojú di í.

Tí wọ́n bá ti tún férémù náà kùn, ìyẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ ọ́ lóminú, torí ọ̀dà tuntun a máa bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ohun kejì: dojú férémù dé, nọ́ńbà rẹ̀ wà lábẹ́ ìdí kíráǹkì. Lọ sórí BikeRegister, tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá náà ti ń wo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n jí. Ọ̀fẹ́ ni. Mi ò ní kó o fura sẹ́ni tó tà á fún ẹ o, àmọ́ kẹ̀kẹ́ dáúnhíìlì tí wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n wá ń ta férémù rẹ̀ lọ́tọ̀, ó yẹ kéèyàn béèrè ibi tó ti wá.

Jagun Leeds

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹlòmíì ò ní fẹ́ sọ. Tà á. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Férémù tó wọ́n gógó nígbà tó jáde kò dédé di pọ́n-ùn 150. Táyà 26 ti kógbá wọlé. Fi 950 yẹn ra kẹ̀kẹ́ odidi tí ẹnì kan ti ń gùn, onítáyà 27.5, kó o gùn ún lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Bí o bá ní kó o to èyí, oṣù mẹ́ta lo máa fi máa wá bóòtì kiri.

Àǹtí Merthyr

Jagun, ẹ rọra. Irú Glory yìí ni Danny Hart gùn nínú òjò ní Champéry lọ́dún 2011 tó fi di olúborí àgbáyé nínú dáúnhíìlì, tó sì fi ìṣẹ́jú àáyá tó ju 11 lọ ju ẹni tó ṣe ipò kejì. Onítáyà 26 ni.

Jagun Leeds

Àǹtí mi, ẹ kú àlàyé. Ọmọ Ìlá kì í ṣe Danny Hart.

Àǹtí Merthyr

Ẹ̀rín pa mí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó.

Àbúrò mi, ìwọ̀n inú férémù yẹn ló máa pàṣẹ fún ẹ, kì í ṣe ohun tó wù ọ́. Àwọn kẹ̀kẹ́ dáúnhíìlì ìgbà yẹn ní ìwọ̀n tiwọn. Fi rúlà wọn àlàfo tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń jókòó sí: ó yẹ kó jẹ́ mìlímítà 150, pẹ̀lú ọ̀pá tó nípọn 12. Wọn fífẹ̀ ìdí kíráǹkì: mo fura pé 83 ni. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹ̀ńdúrò rẹ kò lè wọ̀ ọ́, torí 148 ni tìyẹn, kíráǹkì rẹ náà kò lè wọ̀ ọ́, torí ìdí 73 ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀pá àárín rẹ̀ á kúrú. Kò sí bí o ṣe fẹ́ dọ́gbọ́n sí i.

Ṣùgbọ́n tí o bá rí ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ 157 sí, má yára kọ̀ ọ́. 157 yìí, 150 náà ni, wọ́n kàn fi etí díẹ̀ kún un lọ́tùn-ún lósì kó lè rọrùn láti gbé wọlé. Àwọn họ́ọ̀bù (àárín ẹsẹ̀) kan wà, pàápàá Hope tí wọ́n ń ṣe ní Barnoldswick, tó jẹ́ pé ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan lo máa pààrọ̀ tí yóò fi di 150.

Ohun tó máa bọ́ sára rẹ̀ nínú ẹrù rẹ: bíréèkì (ìyẹn ti dín owó kù púpọ̀, okùn ẹ̀yìn nìkan ni kó o wò bóyá ó gùn tó), hándù, ìjókòó tí ọ̀pá rẹ̀ bá bá a mu, pẹ́dà.

Bó o bá wá fẹ́ ra ìyókù, má rà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Wá kẹ̀kẹ́ dáúnhíìlì onítáyà 26 tí férémù rẹ̀ ti sán, tí olówó rẹ̀ fẹ́ ta gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tú u palẹ̀ bí àwọn ará Ládípọ̀ ṣe ń tú mọ́tò. Nínú ẹyọ kan yẹn lo ti máa rí fọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ méjèèjì, kíráǹkì 83, ìdarí ṣéènì àti gíà. Onítáyà 26 ni kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ́, torí náà ni owó rẹ̀ fi wálẹ̀. Ohun tí Jagun ń fi dẹ́rù bà ọ́ ni èrè rẹ.

Ọmọ Ìlá, Sheffield

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti wọ̀n ọ́n: 150 ni ẹ̀yìn, 83 ni ìdí. Àǹtí, ẹ ò bá wọn ṣe awo bọ̀?

Nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ lórí BikeRegister. Ṣùgbọ́n mo rí ìlà kan lábẹ́ orí férémù, ó gùn tó èékánná kékeré. Kò kọ́ èékánná mi o, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Àwòrán rẹ̀ rèé. Tó bá sán lóòótọ́, ṣé ẹ lè bá mi jó o, ẹ̀gbọ́n?

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, Halifax

Rárá o. Mo lè jó o kó lẹ̀, kó sì dán. Ṣùgbọ́n alumíníọ́mù férémù, lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o tán nílé iṣẹ́, wọ́n á tún fi sínú ààrò kí ó lè le. Tí mo bá tún gbé iná lé e, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á rọ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa ti kán. Lábẹ́ orí férémù, tí ó bá kán, ojú lo máa fi balẹ̀. Mi ò ní bá ẹ ṣe é, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹ ṣe é.

Àwòrán yẹn kò sọ ohun tó pọ̀. Ṣe báyìí: lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ wẹ́dà, ra agolo mẹ́ta tí a fi ń dán sísán wò. Èkíní ni ìfọnù. Èkejì jẹ́ aró pupa. Ẹ̀kẹta funfun bí ìyẹ̀fun. Kọ́kọ́ fi sáńpépà jẹ́jẹ́ ha ọ̀dà orí ìlà náà kúrò títí o fi máa rí irin. Tó o bá fi aró sórí ọ̀dà, irọ́ ló máa pa fún ẹ. Fọ̀ ọ́, fín aró pupa sí i, fún un ní àkókò tí wọ́n kọ sára agolo, nù ún mọ́, wá fín funfun lé e. Tí irin bá sán, aró tó ti wọ inú rẹ̀ á jáde ní ìlà pupa lórí funfun yẹn.

Ọmọ Ìlá, Sheffield

Mo ti ṣe é. Funfun ló funfun, kò sí pupa níbì kankan. Ọ̀dà lásán ló ha.

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, Halifax

Ọlọ́run ṣeun. Wá gbọ́ ti fọ́ọ̀kì.

Fox 36 rẹ lágbára, kì í ṣe fọ́ọ̀kì yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n férémù yìí ń rìn mìlímítà 203 lẹ́yìn. Wọ́n ṣe é fún fọ́ọ̀kì onídè méjì (ìdè kan lábẹ́ orí férémù, ọ̀kan lókè rẹ̀) tó ń rìn bíi 200 níwájú, irú Boxxer tàbí Fox 40. Tí o bá tún fi táyà 29 síwájú, 26 sẹ́yìn, iwájú á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Jẹ́ kí 36 wà níbi tó wà.

Tí o bá rí Boxxer àlòkù, béèrè ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, wo ọ̀pá dídán méjèèjì, ní pàtàkì ibi tó ń wọlé wọ̀de nínú rọ́bà. Tí ibẹ̀ bá ha, òróró á máa yọ, kò sì sí rọ́bà tuntun tó máa dá a dúró. Èkejì, ní kí ó wọn ọ̀pá orí fọ́ọ̀kì fún ẹ, torí ẹni tó ń tà á ti lè gé e fún férémù tí orí rẹ̀ kúrú ju tìrẹ lọ. Ọ̀pá yẹn gbọ́dọ̀ gba inú orí férémù kọjá, gba àwọn àwo bíárìn kọjá, kó sì dé orí ìdè òkè. Ẹ̀kẹta, béèrè rọ́bà tó máa ń wà lára ọ̀pá fọ́ọ̀kì, èyí tí kì í jẹ́ kó gbá férémù tí o bá ṣẹ́ hándù dópin. Wọ́n máa ń gbàgbé ìyẹn, férémù ló sì máa ń jìyà rẹ̀.

Orí férémù rẹ fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ, àbí? Ọ̀pá Boxxer ìgbà náà gùn gbọọrọ, kò fẹ̀ nísàlẹ̀. Wàá nílò òrùka kan tó máa mú bíárìn ìsàlẹ̀ bá a mu. Kò wọ́n.

Sípíríǹgì 350 yẹn kò lè gbé ẹ. Ẹ̀yìn ń rìn 203, ṣọ́ọ̀kì ń rìn 70: pín in, o rí 2.9. Kílò 90 jẹ́ bíi pọ́n-ùn ìwọ̀n 198. Ká ní ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lẹ́yìn, ìyẹn 129. Sọ ọ́ di ìlọ́po 2.9, o rí 374. A fẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì wọlé ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí o bá jókòó, ìyẹn mìlímítà 21, tàbí ínǹṣì 0.83. Pín 374 sí 0.83, o dé 450. Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tó bá le jù lára rẹ, gba 425.

Jagun Leeds

Mo gbà pé ẹ ti bá a rò ó. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, kí n má baà di ọ̀tá. Bíréèkì Shimano rẹ, òróró mínírà ló ń mu. Ọ̀pọ̀ bíréèkì SRAM ìgbà náà, òróró míì tí wọ́n ń pè ní DOT ló ń mu. Tí kẹ̀kẹ́ tí o máa tú palẹ̀ bá wá pẹ̀lú Code, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, má jẹ́ kí òróró kan kan ìkejì, kódà má lo síríǹjì kan náà. Rọ́bà inú rẹ̀ á wú, bíréèkì á sì fi ọ́ sílẹ̀ níbi tí òkè ti dà gan-an. DOT tún máa ń bó ọ̀dà férémù.

Ọmọ Ìlá, Sheffield

Ẹ̀gbọ́n Jagun, ọ̀tá kẹ̀? Ẹ ṣé.

Mo ti rí kẹ̀kẹ́ kan ní Huddersfield, férémù rẹ̀ ti kán nídìí ṣọ́ọ̀kì. Ó ní Boxxer, ẹsẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú họ́ọ̀bù 150, kíráǹkì Saint 83, gíà Zee mẹ́wàá. Pọ́n-ùn 420 ló ń pè é. Ṣọ́ọ̀kì tèmi, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Bíárìn férémù ńkọ́? Ṣé kí n fi òòlù gbá a jáde?

Àǹtí Merthyr

Òòlù kẹ̀! Rárá. Fa àwọn àtijọ́ jáde pẹ̀lú irinṣẹ́ tó ń fa bíárìn, wo nọ́ńbà tó wà lára ìdérí wọn, kó o fi ra tuntun. Àwọn tuntun yẹn, bóòtì gígùn kan pẹ̀lú wáṣà méjì tó bá eteetí ìta bíárìn mu, bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa rọra fún wọn wọlé. Má fún un láti àárín, òrùka ìta ni kí agbára náà bọ́ sí.

Pọ́n-ùn 420 yẹn, sọ 350 fún un, ẹ á pàdé láàárín. Mú rúlà lọ, wọn ọ̀pá orí fọ́ọ̀kì kó o tó sanwó.

Lọ́jọ́ tí o bá ń tú kíráǹkì, rántí pé ife ìdí kíráǹkì ọwọ́ ọ̀tún, níhà ibi tí ṣéènì wà, òdìkejì ló ń yí. Ibi tí ọwọ́ aago ń lọ lo máa yí i sí kó tó tú. Tí o bá fi agbára yí i gba ibòmíì, ńṣe lò ń dè é sí i.